Ẹni Tí Ó Ń Wá Ìjì Kiri: Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Tàbí Ẹ̀kọ́?

  



Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun Alásárì tán ní ilé kéwú wa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà mú fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ústáàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Fíìmù kékeré kan ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wà nínú mọ́tò lójú títì kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ojú ọ̀run ti dúdú mọ́ àwọ̀ ewé. Nǹkan kan rọ̀ sílẹ̀ láti inú ìkúùkù dé ilẹ̀ bí ọwọ́ìjà erin, ó ń yí, ó ń fọ́n pákó àti páànù káàkiri. Àwọn tí ó wà nínú mọ́tò kò sunkún, wọn kò sì sá. Ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń hó bí ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún ẹni tí ó ń wakọ̀ pé kí ó tún sún mọ́ ọn sí i.

Kí n tó la ẹnu, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní hàráàmù ni, nítorí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Ọmọbìnrin kan ní àwòrán tí wọ́n ń yà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀. Ẹnì kẹta ní ìyà Ọlọ́hun ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kèfèrí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yàwòrán rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ń sọ tiwọn, ọmọ tí ó ni fóònù dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní, "Ústáàsì, èmi ò béèrè bóyá ó dára fún wọn tàbí kò dára. Èmi gan-an ni ó wù. Ṣé ó burú pé ó wù mí?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mi ò fi dá a lóhùn ń bọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìjì yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní tọ̀nédò. Nínú èdè wa, ààjà ni ó sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n ààjà tí àwa mọ̀, tí ó máa ń gbé ewé àti eruku yí po lójúde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ jòjòló ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. (Ẹni tí ó bá ṣì gbà pé ẹ̀mí kan wà nínú ààjà tí ó ń gbé ènìyàn lọ kọ́ oògùn nínú igbó, kí ó yára tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Amẹ́ríkà ni ó ti wọ́pọ̀ jù ní gbogbo ayé, nǹkan bíi 1,200 lọ́dún. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí ni ó fà á. Afẹ́fẹ́ olóoru tí ó kún fún omi ń gòkè bọ̀ láti etí òkun Mẹ́síkò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn bọ̀, òtútù sì wà lókè sánmà. Orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Texas, Oklahoma, Kansas àti Nebraska ni wọ́n ti ń pàdé. Bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ń fẹ́ sí ibì kan, tí ti òkè ń fẹ́ sí ibòmíràn pẹ̀lú agbára tí ó jù ú lọ, ìkúùkù ńlá tí ó gòkè láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nínú irú ìkúùkù bẹ́ẹ̀ ni ìjì náà ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí kì í sọ nǹkan kan kalẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni ìgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, rédà kan tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ akẹ́rù wọn èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí ìlú Moore ní Oklahoma, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ju kìlómítà 480 lọ ní wákàtí kan. Ilé tí ìyẹn bá kọjá lórí rẹ̀, ìpìlẹ̀ nìkan ni ó ń kù.

Nǹkan tí gbogbo ènìyàn ń sá fún yìí ni àwọn kan ń wá kiri. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Hoadley bẹ̀rẹ̀ sí í lé e láti ọdún 1956 ní ìpínlẹ̀ North Dakota, òun náà ni ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí fíìmù Twister jáde ní ọdún 1996, iye wọn pọ̀ sí i. Láàárọ̀, wọ́n á yẹ àwòrán ojú ọjọ́ wò, wọ́n á fi òye yan ìlú kan, wọ́n á wakọ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, wọ́n á wá dúró sétí títì, wọ́n á máa wòkè. Lọ́jọ́ tí ó pọ̀ jù, wọn kì í rí nǹkan kan, wọ́n á jẹun nílé epo, wọ́n á padà sílé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ onímọ̀ yunifásítì. Àwọn kan ń ta fíìmù tí wọ́n bá yà fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń san owó kí wọ́n lè mú wọn lọ wò ó bí ẹni lọ fàájì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, ìfẹ́ ni ó ń gbé wọn lọ. Ó wù wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tí ó ní ìyà kèfèrí ni lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1989, irú ìjì yìí kan náà kọlu agbègbè Daulatpur àti Saturia ní ilẹ̀ Bangladesh. Nǹkan bí ènìyàn 1,300 ni wọ́n kà pé ó kú. A kò tíì rí èyí tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí. Èyí tí ó burú jù lọ́hùn-ún, ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1925, ènìyàn 695 ni ó pa. Mùsùlùmí ni àwọn tí ó pọ̀ jù ní Bangladesh. Oṣù ààwẹ̀ Rámádáànì ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ìrọ̀lẹ́ sì ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú wọn fún oṣù mélòó kan ṣáájú, òjò ni wọ́n ń retí. Kí ni ẹ fẹ́ sọ nípa àwọn yẹn? Alááwẹ̀ tí ó ń retí àtijẹ sínu, ṣé kèfèrí ni òun náà? Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì wa kú, tí oòrùn sì wọ òkùnkùn lọ́jọ́ kan náà, àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì kò gbà fún wọn. Ó kọ́ wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni, ó sì dìde, ó kírun. Bí Ànábì Ọlọ́hun kò bá jẹ́ kí wọ́n fi ìtumọ̀ ti ara wọn sí ohun ojú ọ̀run, kódà nígbà tí ìtumọ̀ náà jẹ́ ẹ̀yẹ fún ilé òun gan-an, ta ni ó fún ìwọ ọmọ kíláàsì kẹrin láṣẹ?

Ti àwòrán kò gba àkókò púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣe àríyànjiyàn lórí àwòrán ohun abẹ̀mí, wọ́n sì tún ṣe é lórí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n Ibn Abbas gba ayàwòrán tí ó wá bá a nímọ̀ràn pé bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ìjì kò ní ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ kí á kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ewu. Gbogbo wa ni a mọ áyà inú Sūratul Baqara tí ó kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun, ẹnu sì máa ń yá àwa áfáà láti fà á yọ. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti ka ìtàn rẹ̀ á rántí Abu Ayyub al-Ansari. Níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti kojú àwọn ará Róòmù ní ẹ̀bá Kọnstantinópù, ọkùnrin kan já wọ àárín ọ̀tá ní òun nìkan. Àwọn ènìyàn pariwo pé ó ti ju ara rẹ̀ sínú ìparun. Abu Ayyub ni ó dá wọn lẹ́kun. Ó ní àwa ará Mẹdínà ni áyà náà sọ̀ kalẹ̀ fún, nígbà tí a fẹ́ fi iṣẹ́ Ọlọ́hun sílẹ̀ kí á jókòó ti oko àti ohun ìní wa. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá wọ inú ewu ni ó ju ara rẹ̀ sínú ìparun. Ohun tí ó wọ̀ ọ́ fún ni a gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á béèrè rẹ̀ lórí ọkùnrin kan. Tim Samaras ni orúkọ rẹ̀. Kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó gbọ́n nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ṣe irinṣẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ìjì kò lè gbé nílẹ̀, tí yóò máa wọn agbára afẹ́fẹ́ bí ìjì ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ó gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà ìjì nítòsí Manchester ní ìpínlẹ̀ South Dakota, ó sì sá kúrò níbẹ̀. Ìjì náà kọjá lórí irinṣẹ́ náà, ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ sì fi 100 mílíbà lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tí ó rí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gbà nínú ìjì rí. Irú ìmọ̀ yìí ni àwọn tí ń kọ́lé lè lò láti mọ bí ilé yóò ṣe dúró, òun náà ni àwọn tí ń kéde ìkìlọ̀ lè lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò sí ẹni tí ó ṣọ́ra tó o nínú wọn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nítòsí ìlú El Reno ní Oklahoma, ìjì kan sọ̀ kalẹ̀ tí ìbú rẹ̀ di kìlómítà 4 àti díẹ̀. A kò tíì ṣe àkọsílẹ̀ èyí tí ó fẹ̀ jù ú lọ. Òjò bò ó lójú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó fẹ̀ sí i, ó yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó sì yára sí i. Ènìyàn 8 ni ó pa. Tim Samaras wà lára wọn, ẹni ọdún 55. Paul ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 24, tí ó máa ń ya fíìmù, wà lára wọn. Carl Young tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún 45, wà lára wọn. Inú mọ́tò kékeré kan náà ni wọ́n wà. Ṣáájú ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí, jàǹbá ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́.

Èmi kò lè pe ikú Samaras ní ìju-ara-ẹni-sínú-ìparun. Ẹni tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó ṣe é. Ohun tí ó ń wá lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn là. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọmọ rẹ̀ wà nínú mọ́tò náà, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ náà kan náà, ojú títì agbègbè El Reno kún fọ́fọ́ fún mọ́tò àwọn tí kò gbé irinṣẹ́ kankan dání ju kámẹ́rà lọ. Kí ni àwọn yẹn wá ṣe? Bí ọkọ̀ aláìsàn bá fẹ́ kọjá ńkọ́? Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ní Texas, mọ́tò méjì tí ń lé ìjì kan náà kọlu ara wọn ní oríta, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ìjì kò fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Ṣáámù, ó yí ọmọ ogun rẹ̀ padà láti Sargh. Wọ́n bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ó ní láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Bí Umar bá lè yí ẹ̀yìn padà nígbà tí ó ní ìdí pàtàkì láti lọ, ẹni tí kò ní ìdí kankan ju kí ó rí fọ́tò tí yóò fi han ọ̀rẹ́, kò yẹ kí ó ṣòro fún un.

Àmọ́ ọmọ mi yìí kò béèrè nípa lílọ. Kò ní owó mọ́tò dé Ìbàdàn, kí a tó wá sọ Oklahoma. Ó ní ó wu òun ni. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ni ó ń béèrè, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti le.

Ẹni tí ń lé ìjì gbọ́dọ̀ fẹ́ kí ìjì wá. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ọjọ́ òfò ni fún un. Àgbẹ̀ tí ó ní oko àti ilé lórí ilẹ̀ yẹn gan-an, ọjọ́ kan náà ni ọjọ́ ọpẹ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ìkúùkù kan náà. Wọ́n ti bi àwọn tí ń lé ìjì léèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, èsì wọn sì ni pé: àwa kọ́ ni à ń mú un wá, fẹ́ ẹ o kọ̀ ọ́ o, yóò wá. Ohun tí àwa ń fẹ́ ni pé kí ó wá sórí pápá tí kò sí ènìyàn.

Lẹ́nu ẹni tí kò gba àdúà gbọ́, èsì yìí pé. Ìfẹ́ inú rẹ̀ kò kan ohun tí ó wà lókè. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́, tí a gbà pé Ọlọ́hun ń gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ kí ahọ́n tó mì? Ìfẹ́ ọkàn mùmíní kò jìnnà sí àdúà. Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun kì í bi wá léèrè èrò tí ó bá kàn kọjá lọ́kàn wa, tí a kò sọ jáde, tí a kò sì fi ṣe iṣẹ́. Èyí tí ènìyàn bá jókòó tì, tí ó ń bọ́, tí ó ń tọ́ dàgbà, ìyẹn yàtọ̀. Síbẹ̀, mo rí ìdajì kejì èsì wọn nínú sunna. Nígbà tí òjò tí Ànábì wa tọrọ rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó, wọ́n ní kí ó bẹ Ọlọ́hun kí ó dá a dúró. Àdúà tí ó ṣe ni pé kí òjò náà kúrò lórí àwọn, kí ó lọ sí àyíká wọn, sórí òkè, sínú àfonífojì, sí ìdí igi. Ibi tí kò ti ní pa ènìyàn lára ni ó tọ́ka sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ tọkàntọkàn pé bí yóò bá wá, kí ó wá sórí pápá, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Tọkàntọkàn yẹn ni ó yọ mí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà fi fíìmù hàn mí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mo jókòó, mo wá òmíràn wò. Mo wo ọ̀kan, mo wo méjì, mo wo títí aago fi di méjìlá. Èyí tí ó kẹ́yìn, ìjì náà ń wọ ìlú kan. Lójijì, ẹni tí ó mú kámẹ́rà dání yí i sílẹ̀, ilẹ̀ inú mọ́tò ni a wá ń rí, nítorí ó fi kámẹ́rà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń sáré lọ wo àwọn ènìyàn. Mo pòṣé. Ẹ̀yin ará mi, èmi tí mo ń kọ́ni ní haadíìsì, mo pòṣé nítorí ẹnìkan fi kámẹ́rà sílẹ̀ láti lọ gba ènìyàn là. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ti sùn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dá ọmọ náà lóhùn lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta.

Ìyá wa Áíṣà ni ó sọ fún wa pé bí Ànábì bá rí ìkúùkù tàbí tí afẹ́fẹ́ bá le, ojú rẹ̀ máa ń yí padà. Á wọlé, á jáde, á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, ara á wá tù ú. Áíṣà bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí inú àwọn ènìyàn máa ń dùn bí wọ́n bá rí ìkúùkù. Ó rán an létí àwọn ará Ād, tí wọ́n rí ìkúùkù tí ó dojú kọ àfonífojì wọn, tí wọ́n pè é ní òjò, tí ó sì jẹ́ pé ìparun ni. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní haadíìsì yìí fún ọdún púpọ̀, ẹ̀rù Ànábì nìkan ni mo ń rí nínú rẹ̀. Lálẹ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kì í ṣe pé Ànábì kò wo ìkúùkù. Ó ń wò ó. Kò sí ẹni tí ó wò ó tó o nínú ilé náà. Ó ń jáde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ìkúùkù ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwòrán ìjì gan-an lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1957, ìjì wọ ìlú Fargo ní North Dakota, ó sì pa ènìyàn. Àwọn ará ìlú ti ya fọ́tò rẹ̀ láti ojúlé wọn. Ọ̀mọ̀wé Fujita, ará Jàpáànù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Chicago, gba fọ́tò tí ó lé ní 100 jọ, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ó sì fi wọ́n ṣàlàyé bí irú ìkúùkù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó lò fún àwọn ẹ̀yà ìkúùkù náà ni àwọn tí ń ṣọ́ ìjì ṣì ń lò láti kéde ìkìlọ̀. Àwọn tí ó ya fọ́tò wọ̀nyẹn kì í ṣe onímọ̀. Ìlú wọn ni ó ń wó.

Nígbà tí ó yá, mo pe ọmọ náà. Mo sọ fún un pé kò burú pé ó wù ú, nítorí agbára Ọlọ́hun ni ó rí, ọkàn tí kò bá mì níwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti kú. Mo tún sọ ti òṣé tí mo pa fún un. Ó wò mí tìyanutìyanu. Mo ní kí ó mú fíìmù ọjọ́sí jáde, kí ó pa ohùn rẹ̀ kí á má gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn tí ó wà nínú mọ́tò, kí ó má wo òkè, kí ó wo ibi tí ìjì náà ti kan ilẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kẹta ó ní, "Ústáàsì, ilé wà nídìí ẹ̀."

Ó ti ń múra ìdánwò JAMB báyìí. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ ni ó fẹ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ojú ọjọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò tíì dára tó. Ẹ bá wa fi àdúà ràn án lọ́wọ́.